Ṣé òògùn nano lè wo jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ bàbá wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, bùọ̀dá dókítà. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń dun bàbá wa, a rò pé làkúrègbé ni, ìgbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò tán ní ọsibítù ni wọ́n ní multiple myeloma ni, irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan. Ẹnì kan ti wá gbé e sórí WhatsApp ẹbí wa pé òògùn nano kan wà, ẹ̀kán mẹ́wàá láàárọ̀, kò ní wàhálà kankan nínú. Ṣé òótọ́ ni? (Olùkàwé, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á bá wa fún bàbá lálàáfíà. Òògùn nano, ìyẹn èyí tí wọ́n dì sínú ìdì tíntìntín tójú lásán ò lè rí, wà lóòótọ́, àmọ́ èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu yẹn kọ́, ẹ má kówó lé wọn lọ́wọ́.

Inú mùdùnmúdùn eegun ni myeloma ti ń bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì plasma tó yẹ kó máa bá wa gbógun ti àrùn ló ya ìpáǹle, ló wá ń pọ̀ ṣáá, ó ń jẹ eegun, ẹ̀jẹ̀ ń dín kù, kídìnrín náà ò gbádùn, ẹ ò rí i pé ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dùn wọ́n.

Òògùn pupa kan wà tó ti pẹ́, doxorubicin, ó ń pa jẹjẹrẹ àmọ́ ó máa ń ṣe ọkàn léṣe. Ohun táwọn onímọ̀ wá ṣe ni pé wọ́n fi ọ̀rá wé e bí ẹni wé mọ́ínmọ́ín, ìdì kan ò ju bíi 100 nanometer lọ, irun orí fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlọ́po nípọn jù ú. Doxil lorúkọ ẹ̀. Òògùn àtijọ́ náà ni o, ìdì ẹ̀ ló yàtọ̀! Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún myeloma ní 2007, pẹ̀lú bortezomib, òògùn myeloma mìíràn. Nígbà tí wọ́n dán an wò, àwọn tó gba méjèèjì pọ̀ lo bí oṣù 9.3 kí àìsàn náà tó tún gbérí, àwọn tó gba bortezomib nìkan lo 6.5. Ó dáa, àmọ́ kò wò ó tán. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà á sí, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ẹlòmíì máa ń pọ́n, á máa bó, wọ́n sì ṣì ń ṣọ́ ọkàn, torí náà ta ló ní kò sí wàhálà?

Lóde òní, irú lenalidomide àti daratumumab làwọn dókítà ń lò jù, tí wọn ò bá dárúkọ Doxil fún yín, ẹ má bínú sí wọn.

Nǹkan kan tó ká mi lára ni ẹ̀yìn tó ń dun bàbá yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ra ibuprofen tàbí diclofenac fún wọn ní kẹ́míìsì, ó lè ba kídìnrín wọn jẹ́, dókítà tó ń tọ́jú wọn ni kẹ́ ẹ bèèrè òògùn ìrora lọ́wọ́ ẹ̀.