"Vamos a ver": ẹ má tíì rẹ aṣọ láró

Bọ̀dá, ẹ má tíì rẹ aṣọ kankan láró o. Ẹ ní oníbàárà yín ará Kúbà kọ "Vamos a ver" sí yín ní Spánííṣì lẹ́yìn tí ẹ dárúkọ iye tí ẹ ń ta àdìrẹ, fóònù yín sì túmọ̀ ẹ̀ sí "We are going to see", ẹ wá fẹ́ fi bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín ní Àbújá tí kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ má fi ránṣẹ́. "Let's see" ló ń sọ. Ohun tí obìnrin tó ń ná ọjà ní Ìgbọ̀nà ń sọ náà ni, "ẹ jẹ́ ká wò ó ná", tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan sì ti kọjú sí ìsọ̀ kejì.

Ojú ti mí dáadáa kí n tó mọ èyí. Àsìkò ọdún Ọ̀ṣun ni, nínú oṣù kẹjọ, ìgbà tí àwọn olùjọsìn Ochún, bí àwọn ará Kúbà ṣe ń pè é, máa ń wá sí Òṣogbo. Oṣù mẹ́jọ péré ni mo tíì fi kọ́ Spánííṣì lórí fóònù, mo sì ti ń pe ara mi ní ògbufọ̀. Àlejò kan dúró nídìí ọjà màmá kan lójú ọ̀nà ojúbọ, ó di etí àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan mú, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó ní "A ver, vamos a ver." Lọ́kàn mi: vamos, a ń lọ, ver, ká rí nǹkan. Mo ní, "Màmá, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo aṣọ yín." Màmá ní èyí tó kù wà nílé. Ló bá rán ọmọ ọmọ ẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Nígbà tọ́mọ náà máa fi gbé ẹrù dé, tí òógùn bo ojú ẹ̀, àlejò ti wà létí odò, ó ń gbàdúrà. Màmá ò bú mi. Ó kàn ní kí n bá ọmọ gbé ẹrù náà padà sílé.

Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn ló tún kó bá mi. Gbogbo "vamos a" tí mo bá ti rí, "let's" ni mo ń kọ. Àwọn àlejò kan wá kọ ọ́ sí ẹni tó ni ilé àlejò tí wọ́n fẹ́ wọ̀ sí pé "Vamos a pagar el viernes". Gẹ̀ẹ́sì nìkan lẹni yẹn ń kà. Mo kọ "Let's pay on Friday" sí i. Ó dá mi lóhùn pé, "Me and who?" Kílẹ̀ tó ṣú, ó ti fi yàrá fún ẹlòmíì. Owó ọkọ̀ tara mi ni mo fi wá yàrá míì kiri Òkè-Fìà. "We're going to pay on Friday" ló yẹ kí n kọ, tàbí "We'll pay on Friday": wọ́n ti pinnu, wọ́n tiẹ̀ dá ọjọ́.

Ibi tí mo ń wò báyìí nìyẹn. Ṣé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń fà yín mọ́ra kí ẹ jọ ṣe nǹkan ni, àbí ohun tí àwọn ti pinnu ló ń sọ? Oúnjẹ ti wà lórí tábìlì, ó ní "Vamos a comer": "Let's eat" nìyẹn. Tí "no" bá ti wà níwájú ẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. "No vamos a pagar" kì í ṣe "Let's not pay", "We're not going to pay" ni. "No paguemos" ni wọ́n ń lò fún "Let's not pay".

Àwọn yòókù, voy (mo ń lọ), vas (o ń lọ), va (ó ń lọ), ò le tó bẹ́ẹ̀. "Va a llover" ni "It's going to rain", òjò fẹ́ rọ̀, kò sẹ́ni tó ń rìn lọ síbì kankan. Ibi tí mo ti máa ń ṣọ́ra ni ohun téèyàn pinnu lójú ẹsẹ̀. Ó rí yín pẹ̀lú ẹrù, ó ní "Te voy a ayudar": ẹ kọ "I'll help you". "I'm going to help you" dà bí ẹni pé ó ti gbèrò ẹ̀ láti àná.

Ẹ má ṣi "Ya voy" náà gbọ́ o. Látinú yàrá ni wọ́n ti ń kígbe ẹ̀ tí ẹ bá kanlẹ̀kùn, "I'm coming" ni, ẹni náà ń bọ̀ lóòótọ́. "Mo ń bọ̀" tiwa, tá a máa ń sọ tá a bá ń jáde lọ, "Ahora vuelvo" ni tiwọn.

Tó bá tún kọ "Ya veremos" sí yín, "We'll see" ni, ẹ jẹ́ kí aṣọ wà nínú àpótí. Ṣùgbọ́n tó bá fi lè kọ "Lo voy a comprar", "I'm going to buy it" nìyẹn. Ẹ béèrè àsansílẹ̀.