Kí ni ìtumọ̀ ìró tí a ń tẹ̀ léraléra nínú sonata K. 141 ti Scarlatti?

Ọ̀dọ́ kan tí ó ń kọ́ píánò bi mí léèrè ohun tí Domenico Scarlatti, olùpilẹ̀ṣẹ̀ orin ayé àtijọ́, ní lọ́kàn tí ó fi ń tẹ ìró kan náà léraléra nínú sonata K. 141, orin kúkúrú kan tí K. 141 jẹ́ nọ́mbà rẹ̀ nínú àtòjọ àwọn iṣẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ti sọ fún un pé ìdánrawò ìka lásán ni. Irú àlàyé bẹ́ẹ̀ máa ń bí mi nínú, mo sì mọ ibi tí wọ́n ti gbé e wá: ní ọdún 1738, Scarlatti tẹ sonata 30 jáde, ó sì pe ìwé náà ní Essercizi, ìyẹn ìdánrawò. K. 141 kò sí lára wọn rárá.

Ọwọ́ òsì ni ó yẹ kí a fetí sí. Bí ọwọ́ ọ̀tún ti ń tẹ ìró kan náà kíákíá, tí ìka ń gba ipò lọ́wọ́ ìka, ni ọwọ́ òsì ń gbá kọ́ọ̀dù, ìyẹn ìró mélòó kan tí a tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó ki, tí àwọn ìró inú rẹ̀ ń ta ko ara wọn. Lójú tèmi, gìtá ilẹ̀ Sípéènì nìyẹn, kò sì sí ohun mìíràn tí ó lè jẹ́. Ẹni tí ó ń ta gìtá níbẹ̀ a máa fi èékánná gba gbogbo okùn lẹ́ẹ̀kan náà. Okùn tí kò fi ìka tẹ̀ yóò dún pẹ̀lú, ì báà bá àwọn tó kù mu, ì báà má bá wọn mu. Hapsichord, ohun èlò orin tí a ń fi ìka tẹ̀ bíi píánò, tí Scarlatti ń lò náà kò jìnnà sí gìtá, nítorí kì í fi òòlù lu okùn bíi píánò: èèkù ìyẹ́ ẹyẹ ni ó fi ń ta á. Bí a bá tilẹ̀ fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, ariwo rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó dún kíkankíkan gbọ́dọ̀ fi ìró kún ìró.

Ọmọ Naples ni Scarlatti, wọ́n bí i ní 1685. Ó kọ́ Maria Bárbara, ọmọ ọba Pọ́túgà, ní orin, ó sì tẹ̀ lé e lọ sí Seville nígbà tí ọmọbìnrin náà fẹ́ àrólé ọba Sípéènì ní 1729. Madrid ni ó kú sí ní 1757. Charles Burney, ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ ìtàn orin, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Scarlatti máa ń fara wé orin àwọn tí ń da ìbaaka àti ti àwọn mẹ̀kúnnù.

Ohun tí ó dùn mí ni pé nígbà tí Alessandro Longo ń to àwọn sonata náà jọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó tún ọ̀pọ̀ irú kọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ṣe nítorí ó rò pé àṣìṣe ni wọ́n. Ẹni tí ó yọ ata kúrò nínú ọbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣàròyé pé ọbẹ̀ kò ta. Lónìí ẹ̀wẹ̀, eré sísá ni àwọn ọ̀dọ́ fi K. 141 ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n sì ń gbọ́.

Nítorí náà, kọ́kọ́ fi ọwọ́ òsì nìkan tẹ̀ ẹ́ lọ́ra, má ṣe fo ìró kankan, má sì fi ẹsẹ̀ kan pẹ́dà, kí kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan lè tètè kú bí ó ti í kú lórí okùn tí a ta.