Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ di ọ́físà ológun Amẹ́ríkà: ẹ má gba ẹnu ọ̀nà sójà wọlé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Amẹ́ríkà. Mo ní láísẹ́ǹsì RN (ti nọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin), mo sì parí BSN (dìgírì àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì) lọ́dún tó kọjá. Gíríìn káàdì ni mo ń lò. Mo fẹ́ di ọ́físà. Recruiter kan (ẹni tó ń gba èèyàn sínú iṣẹ́ ológun) ní kí n kọ́kọ́ wọlé bíi medic (sójà tó ń tọ́jú aláìsàn), pé bí mo bá ti dé ibùdó tí wọ́n rí dìgírì mi, wọ́n á yí mi padà sí ọ́físà. Ìwé ASVAB wo ló dára jù kí n rà? Ẹ̀ẹ̀kejì, mo ní ikọ́ fée nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ṣé kí n sọ ọ́ àbí kí n gbé e mì?

Ìdáhùn: Ẹ fi owó yín sápò, ẹ kò nílò ìwé ASVAB kankan. Àwọn tó fẹ́ wọlé bíi sójà ló ń ṣe ìdánwò yẹn. Wọn kì í fi díwọ̀n nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ wá gba kọmíṣọ̀n, ìyẹn àṣẹ Ààrẹ tó ń sọ ènìyàn di ọ́físà. Ẹni tó bá ti ń bá yín sọ̀rọ̀ ASVAB, ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tiyín ló mú yín dúró sí. Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dojú kọ ọ̀rọ̀ "wọ́n á yí mi padà" yìí ná.

Kò sí sájẹ́ǹtì kankan ní ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ní agbára láti sọ sójà di ọ́físà nítorí pé ó rí dìgírì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wọ inú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà sójà yóò tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ DD Form 4, wọ́n á sì fún un ní iṣẹ́ tó ní nọ́ńbà. Ti medic nínú Army ni 68W. Ẹni tó bá gba ọ̀nà ọ́físà yóò kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ jọ, ìgbìmọ̀ àwọn ọ́físà yóò jókòó yẹ̀ ẹ́ wò, bí wọ́n bá mú un yóò búra, yóò sì fọwọ́ sí ìwé ìbúra: DA Form 71 ni ti Army, AF Form 133 ni ti Air Force. Nọ́ọ̀sì tó ti ní RN àti BSN lọ́wọ́, tó ń bọ̀ wá gba kọmíṣọ̀n tààrà, kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú DD Form 4. Bí ẹ bá rí i lórí tábìlì, ẹ gbé báírò sílẹ̀.

Irọ́ náà ní ibi tó ti fẹ́ jọ òótọ́, òun ló fi ń mú èèyàn. Òótọ́ ni pé dìgírì ń ṣe sójà tuntun láǹfààní: nínú Army, ẹni tó ní dìgírì àkọ́kọ́ lè bẹ̀rẹ̀ ní ipò E-4, tí wọ́n ń pè ní Specialist, dípò kó bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n Specialist kì í ṣe ọ́físà. Sájẹ́ǹtì ń pàṣẹ fún un. Òótọ́ tún ni pé sójà lè di ọ́físà lẹ́yìn ìgbà tó ti wọlé. Ohun tí wọn kì í sọ fún yín ni bí ó ṣe ń rí. Ọ̀gá tó wà lórí yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé kí ẹ fi iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe sílẹ̀. Bí ẹ bá wà nínú Reserve tàbí National Guard, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ológun ní òpin ọ̀sẹ̀, tí ẹ fẹ́ kọjá sí ibòmíràn, DD Form 368 ni wọ́n fi ń tọrọ ìyọ̀ǹda yẹn, ó sì lè pẹ́ lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà, iwájú ìgbìmọ̀ kan náà tí ẹ ìbá lọ láti ilé yín ni ẹ ó tún lọ. Kò sí àbùkún kankan tí ẹ rí gbà nínú gbogbo ìrìn àyíká yẹn.

Ohun tó burú níbẹ̀ kò mọ sí owó oṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ owó náà kì í ṣe kékeré. Bí ẹ bá jẹ́ 68W tàbí 68C, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì onípò ìsàlẹ̀, iṣẹ́ tí nọ́ńbà yín bá gbà láyè nìkan ni ẹ lè ṣe. Láísẹ́ǹsì RN yín á wà nínú àpò, àmọ́ wọn kò ní jẹ́ kí ẹ lò ó lórí aláìsàn nínú aṣọ ológun. Ọdún mẹ́ta, mẹ́rin á kọjá láìsí ìrírí RN kankan tí ẹ lè kọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìrírí yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ máa fi wọn ipò yín. Àdéhùn tí ẹ tọwọ́ bọ̀ ńkọ́? Ọdún mẹ́jọ lápapọ̀ ni wọ́n sábà ń kọ síbẹ̀, kódà bí ọdún tí ẹ ó fi wọ aṣọ lójoojúmọ́ kò bá tó bẹ́ẹ̀. Ìyókù, wọ́n ṣì lè pè yín.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lòdì sí ìlérí recruiter yẹn wà nínú DD Form 4 fúnra rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ìlérí tó wà nínú ìwé náà àti àwọn tí wọ́n so mọ́ ọn nìkan ni ìjọba mọ̀, pé ohunkóhun mìíràn tí ẹnikẹ́ni bá ṣe ìlérí rẹ̀ kò dúró, wọn kò sì ní mú un ṣẹ. Nítorí náà, ẹ sọ fún un pé kó kọ "a ó sọ ọ́ di ọ́físà" sínú ìwé àfikún kó fọwọ́ sí i. Ẹ ó rí i bí ọ̀rọ̀ á ṣe yí.

N kò sọ pé òpùrọ́ ni gbogbo wọn o. Iye sójà tí òun bá mú wọlé ni wọ́n ń kà fún recruiter tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò; nọ́ọ̀sì tó fẹ́ di ọ́físà kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì mọ ìlànà rẹ̀ rárá. Ẹni tí ẹ ń wá ni recruiter ìṣègùn. Army ní àwọn ọ́fíìsì tiwọn fún ìyẹn. Air Force ń pè é ní Health Professions. Nínú Navy, ẹ béèrè Medical Officer Recruiter. Ẹ má wá ti Marine Corps: wọn kò ní nọ́ọ̀sì, ti Navy ló ń tọ́jú wọn. Ìbéèrè kan tó yín láti dá wọn mọ̀: "Nọ́ọ̀sì mélòó lẹ ti kó ìwé wọn lọ síwájú ìgbìmọ̀ lọ́dún yìí?" Ẹni tó bá ń kólòlò, ẹ dìde.

Ọ̀rọ̀ gíríìn káàdì ló kàn, òun gan-an ló sì yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Òfin Amẹ́ríkà (Title 10, ẹsẹ̀ 532) ní ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni kí wọ́n fún ní kọmíṣọ̀n nínú ológun ojoojúmọ́. Òfin fi àyè kékeré kan sílẹ̀ tí Mínísítà Ààbò lè fi yọ̀ǹda onígíríìn káàdì, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ìpìlẹ̀ ètò yín. Sójà ni gíríìn káàdì tó láti di. Ẹ wá rí ìdí tí recruiter fi tètè tọ́ka sí ọ̀nà yẹn fún yín: òun ló ṣí sílẹ̀ gbangba fún yín lónìí.

Kí lẹ wá máa ṣe? Bí ẹ bá ti lo ọdún márùn-ún lórí gíríìn káàdì, tàbí mẹ́ta bí ẹ bá ń gbé pẹ̀lú ọkọ tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ẹ fi fọ́ọ̀mù N-400, tí wọ́n fi ń tọrọ ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè, ránṣẹ́; wọ́n gbà kí ẹ fi í ránṣẹ́ ní nǹkan bí 90 ọjọ́ ṣáájú kí ọdún náà tó pé. Ẹ máa ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó gbóná, bíi ICU (yàrá àwọn tí àìsàn wọn le gan-an), yàrá pàjáwìrì tàbí yàrá iṣẹ́ abẹ, títí ìwé yóò fi dé. Ní ti Reserve, òfin (ẹsẹ̀ 12201) dárúkọ onígíríìn káàdì pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìwé ìgbẹ́kẹ̀lé ààbò tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ọ́físà, ọmọ orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń fún un. Kí recruiter ìṣègùn ti Reserve kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ fún yín kí ẹ tó gbára lé e.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní sójà máa ń tètè gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè. Bẹ́ẹ̀ ni, òfin gbà á, wọn kì í sì í gba owó N-400 lọ́wọ́ wọn. Bí ìwé yẹn bá ni ẹ ń wá ju iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ, ẹ lè lọ, kí ẹ ṣáà mọ ohun tí ẹ ń rà.

Ikọ́ fée: ẹ sọ ọ́. Ìlànà ìlera wọn ní ikọ́ fée tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ ìbí kẹtàlá kò yẹ, àyàfi bí wọ́n bá fún ènìyàn ní ìyọ̀ǹda pàtàkì. Mẹ́rìnlá ti kọjá mẹ́tàlá, nítorí náà ó kàn yín. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fún ènìyàn ní ìyọ̀ǹda yẹn. Ohun tí ẹ ó kó sílẹ̀ ni ìwé ìtọ́jú ìgbà náà, ọjọ́ tí ẹ lo oògùn ikọ́ fée kẹ́yìn, àti àyẹ̀wò bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń mí, èyí tí wọ́n ṣe láìpẹ́. Bí ẹ bá gbé e mì, ẹ̀rọ MHS Genesis tí wọ́n ń lò báyìí lè fa ìtàn ìlera yín láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé ìwòsàn àti ilé ìtajà oògùn. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ìwọlé lọ́nà èrú lábẹ́ òfin ológun, Article 104a, ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì ìpínlẹ̀ yín náà kò sì ní fojú rere wò ó. Èmi kò rí àyà yín, dókítà wọn ni yóò dájọ́. (Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè nípa jínótáìpù: àrùn fòníkú-fọ̀ladìde fúnra rẹ̀ ló ń dí ènìyàn lọ́wọ́. AS nìkan kì í lé ni.)

Ní ti BSN, kì í ṣe orúkọ dìgírì ni wọ́n ń wò, ẹni tó fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà ni: CCNE tàbí ACEN, àwọn àjọ tó ń fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà. Àyẹ̀wò CGFNS tí àwọn tó kàwé lókè òkun fi gba láísẹ́ǹsì kò rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí BSN rẹ̀ kì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, RN-to-BSN (ètò tí RN fi ń gba BSN) tàbí MSN (dìgírì kejì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì) ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ni ọ̀nà àbáyọ. Láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo tó, kó ṣáà mọ́, kó má ní ìdíwọ́ lórí. Ẹni ọdún 42 ni ààlà ọjọ́ orí tí Army ń lò; ẹ béèrè ti àwọn yòókù lọ́wọ́ recruiter ìṣègùn wọn.

Ìwé tó ń kó àárẹ̀ bá àwọn tí a bí sókè òkun jù ni SF-86, fọ́ọ̀mù ìwádìí ààbò. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ń béèrè: gbogbo ilé tí ẹ gbé àti gbogbo ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́, láìsí àlàfo, àti ẹni tó lè jẹ́rìí sí i. Lẹ́yìn náà ni orúkọ àti ọjọ́ ìbí òbí àti ọmọ ìyá yín, ibi tí wọ́n ń gbé, ìwé ìrìnnà òkè òkun tó wà lọ́wọ́ yín, ìrìn àjò sókè òkun láàárín ọdún méje, ilẹ̀ tàbí ilé tí ẹ ní níbẹ̀. Jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì nìkan kì í ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Fífi í pamọ́ ló ń bà á jẹ́. Ẹ rí i pé ọjọ́ ìbí àti ìtò orúkọ yín bára mu nínú ìwé ìbí, ìwé ìrìnnà, transcript (ìwé èsì ẹ̀kọ́ yín) àti láísẹ́ǹsì. Bí ìyàtọ̀ bá wà, ẹ so àlàyé àti ìwé ẹ̀rí àyípadà orúkọ mọ́ ọn kí wọ́n tó béèrè.

Àwọn ìwé tó kù kò le: CV, lẹ́tà ìmọ̀ràn láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá nọ́ọ̀sì yín, BLS, ìwé ẹ̀rí ìdóòlà ẹ̀mí (ACLS pẹ̀lú, tó jẹ́ ti ìpele gíga rẹ̀, bí ẹ̀ka yín bá ń lò ó), ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú ọ́físà nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sábà ń bẹ̀rẹ̀ ní Second Lieutenant, tàbí Ensign nínú Navy. Ìrírí àti oyè gíga lè gbé e sókè. Kí ẹ má bàa ṣèèṣì: Captain ti Army jẹ́ O-3, ti Navy jẹ́ O-6. Nọ́ńbà O ni kí ẹ máa wò, òun ni owó oṣù ń tẹ̀lé. Navy ń kọ́ wọn ní Newport, Rhode Island; Air Force ní Maxwell, Alabama; Army ń ṣe ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìṣègùn ní Fort Sam Houston, Texas.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé iṣẹ́ wákàtí 12 lórí ẹsẹ̀ jẹ́ eré ìdárayá. Láti oṣù kẹfà ọdún 2025, ìdánwò ara ti Army jẹ́ ohun márùn-ún: gbígbé irin wúwo láti ilẹ̀, títari ara sókè, sísáré-fífà-gbígbé, dídúró lórí ìgúnpá, àti sísáré máìlì méjì. Ó kéré tán, 60 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 300 lápapọ̀. Máìlì méjì yẹn ló ń ṣẹ́gun nọ́ọ̀sì jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rírìn àti sísáré pọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó kéré tán oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ẹ má fo sí máìlì méjì ní ọjọ́ kìn-ín-ní, kí egungun ojúgun má bàa dá yín dúró. Kí dókítà yín kọ́kọ́ yẹ̀ yín wò nítorí ikọ́ fée náà, nítorí àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀fóró tí ẹ ó ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ẹ ó tún fi tọrọ ìyọ̀ǹda.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ohun kan ṣoṣo ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ kọ̀wé sí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ti kàwé rí pé kí wọ́n fi transcript ránṣẹ́, kódà èyí tí ẹ kò parí níbẹ̀. Ó lè gba oṣù púpọ̀ kí ti òkè òkun tó dé, ìgbìmọ̀ kì í sì í dúró dè é.