Ṣé Ohùn Kan Wà Tó Ń Dẹ́rù Bani Níbẹ̀rẹ̀ Fíìmù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mò ń ṣe fíìmù abanilẹ́rù kan ní Modákẹ́kẹ́, orí YouTube la máa gbé e sí. Ẹnì kan fẹ́ ta àkọlé àṣetẹ́lẹ̀, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù níbi tí orúkọ fíìmù àti tàwọn òṣèré ti ń jáde, fún mi ní ₦60,000. Lẹ́tà tí ẹ̀jẹ̀ ń kán lára rẹ̀ wà níbẹ̀, àrá wà níbẹ̀, ó tún ní ohùn kan tó jẹ́ 19 hertz, ó ní kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ tí ẹ̀rù ò ní bà. Ṣé kí n rà á? Ìṣẹ́jú mélòó ló sì yẹ kí orúkọ àwọn òṣèré fi jáde tán?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má rà á. Ìwọ lẹni karùn-ún tó máa bi mí ní ọ̀rọ̀ yìí láàárín oṣù méjì, inú sì ń bí mi, torí owó tí ẹ ń kó fún àwọn èèyàn wọ̀nyí lẹ ò bá fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì bọ́ àwọn òṣèré yín yó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ 19 hertz yìí palẹ̀. Hertz ni iye ìgbà tí ohùn ń mì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí iye yẹn bá ṣe ń kéré sí i ni ohùn ń lọ sísàlẹ̀ sí i, bí ohùn ìyá ìlù ṣe wà nísàlẹ̀ ohùn omele. Ohun tó bá ti wà lábẹ́ 20, etí èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ. Ibi tí wọ́n ti rí ìtàn náà mú ni ọ̀dọ̀ ẹnjiníà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Vic Tandy, tó kọ ọ́ síwèé lọ́dún 1998 pé ara òun ń bù máṣọ nínú yàrá iṣẹ́ òun, òun sì ń rí nǹkan aláwọ̀ eérú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ó wá rí i pé fáànù kan ló ń mú afẹ́fẹ́ yàrá náà mì ní nǹkan bíi 19 hertz. Yàrá kan nìyẹn, fáànù tó ń ti afẹ́fẹ́ gidi nìyẹn. Ẹni tó sọ ọ́ di oògùn tí wọ́n ń tà fún onífíìmù, kò ka ìtàn náà dé òpin.

Ká tilẹ̀ gbà fún un. Kí làwọn èèyàn máa fi wo fíìmù rẹ? Fóònù ni. Spíkà inú fóònù ò tóbi ju èékánná lọ, kò lágbára láti ti afẹ́fẹ́ tó pọ̀. Ohun tó bá wà lábẹ́ 100 hertz, díẹ̀díẹ̀ ló ń rí jáde níbẹ̀. 19 ò ní jáde rárá. Bí o bá fẹ́ mọ̀ pé mi ò parọ́, gba ohùn gbẹ̀du sílẹ̀, kí o tún un gbọ́ lórí fóònù rẹ. Igi tó ń kan awọ ni wàá gbọ́, ikùn ìlù náà ti lọ. Ohun tí o fẹ́ fi ₦60,000 rà yìí, kò ní dé etí ẹnì kankan. Tí o bá sì ní kí o fi ariwo àrá dí i, YouTube fúnra rẹ̀ máa ń fa ohùn tó bá pọ̀ jù wálẹ̀.

Ariwo máa ń ta èèyàn jí ni. Ẹni tó ta jí, tó sì rí i pé kò sí nǹkan, á tún fara balẹ̀ padà. Iṣẹ́ àkọlé yàtọ̀ síyẹn: ìfura ló ń gbìn síni lọ́kàn, ohun tó sì ń mú wa fura jù ni ohun tá a mọ̀ dunjú tó wà níbi tí kò yẹ kó wà.

Lọ wo ìbẹ̀rẹ̀ Psycho, fíìmù abanilẹ́rù òyìnbó kan ti ọdún 1960. Saul Bass ló ṣe àkọlé rẹ̀, Bernard Herrmann ló kọ orin rẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kò sí òkú. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń sáré wọlé látẹ̀gbẹ́, látòkè, látìsàlẹ̀. Orúkọ èèyàn á wọlé ní gígé, á so pọ̀ díẹ̀, á tún já. Herrmann ò lo ìlù, kò lo fèrè. Àwọn ohun èlò olókùn nìkan ló lò, gòjé òyìnbó ńlá àti kékeré, tí wọ́n ń yára họ okùn wọn bí ẹni tí nǹkan ń lé. Òǹwòran ò tíì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ya sí méjì ni wọ́n fẹ́ sọ, àmọ́ ojú rẹ̀ ti ń rí nǹkan tó ń ya.

Ọ̀sán gangan ni The Shining (1980) fi bẹ̀rẹ̀. Òkè, omi, igi, títì tó mọ́ tónítóní, Volkswagen kékeré kan aláwọ̀ ìyeyè tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Òfuurufú ni kámẹ́rà ti ń tẹ̀ lé e bí àwòdì ṣe ń tẹ̀ lé òròmọdìẹ. Lábẹ́ gbogbo ẹwà yẹn, orin tí Wendy Carlos àti Rachel Elkind ṣe ń dún, Dies Irae ni wọ́n sì gbé e lé, orin àtijọ́ tí àwọn Kátólíìkì máa ń kọ níbi ìsìn òkú tẹ́lẹ̀. Ní ti Halloween (1978), elégédé kan tí wọ́n gbẹ́ ojú sí, tí iná ń jó nínú rẹ̀, ni kámẹ́rà kàn ń sún mọ́ díẹ̀díẹ̀. John Carpenter tó darí fíìmù náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orin dùùrù inú rẹ̀, márùn-ún márùn-ún ló sì ń kà. Ẹsẹ̀ tí mẹ́rin ti mọ́ lára ò ní ríbi tẹlẹ̀.

Má ṣèṣẹ̀ wá rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣe ọmọdé láàárín 1990 sí 1999, bí wọ́n ṣe máa ń sá wọ yàrá bí orin ìbẹ̀rẹ̀ Agbára Ńlá bá ti dún, eré Mount Zion tó fi Ifẹ̀ wa níbí ṣe ilé. Orin náà ò ní hertz ìkọ̀kọ̀ kankan. Ohun tójú wọn ti rí lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ń padà bọ̀ tí orin bá dún.

Ó dáa, ohun tí ìwọ máa ṣe nìyí. Ojú àwòrán dúdú. Ìrẹ̀ ń dún. Lẹ́yìn náà, ìgbálẹ̀: ṣáá, ṣáá, ṣáá, lórí iyẹ̀pẹ̀. Orúkọ òṣèré àkọ́kọ́ jáde, ìgbálẹ̀ ò dúró. Ọmọ Yorùbá tó ń wò ó ti ń bi ara rẹ̀ pé ta ló ń gbálẹ̀ lóru, ṣé kò ní ìyá tó kọ́ ọ léèwọ̀ ni? Orúkọ kejì, ẹ̀kẹta. Ìgbálẹ̀ ń sún mọ́ wa. Bí orúkọ fíìmù ṣe yọ báyìí, ìgbálẹ̀ dákẹ́, ìrẹ̀ náà bá a dákẹ́. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, kí o wá gé e. Ohùn ìgbálẹ̀ ga, fóònù tó kéré jù lọ á gbé e jáde ketekete. Lẹ́tà funfun lásán ti tó; jẹ́ kó rọrùn láti kà.

Ní ti ìṣẹ́jú mélòó, kò sófin. Lórí YouTube, má jẹ́ kó kọjá ìṣẹ́jú kan.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ nǹkan mẹ́ta. Má ṣe jẹ́ kí iná máa ṣẹ́ lójú àwòrán ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, ní Japan, iná pupa àti búlúù tó ń ṣẹ́ nínú eré ọmọdé kan lórí tẹlifíṣọ̀n gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ dé ilé ìwòsàn. Èmi kì í ṣe dókítà, àmọ́ ẹni tó ní wárápá lè máa wo fíìmù rẹ láìjẹ́ pé o mọ̀. Èkejì, má jí orin olórin; bí YouTube bá gba owó rẹ fún olóhun, mi ò ní lè gbà ọ́. Ẹ̀kẹta, mo bẹ̀ ọ́, má fi ìró Orò ṣe ohùn ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù láìtọ àwọn tó ni ín lọ. Ifẹ̀ la wà. Bí o bá ṣe é, má dárúkọ mi.

Ìdájí ni kí o lọ gba ohùn ìgbálẹ̀ náà, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti dákẹ́ tí ọkọ̀ ò tíì máa rìn. Gbígbálẹ̀ ní ìdájí ò léèwọ̀. Inú fíìmù ló ti máa di òru. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni kí o fi jìnnà sí ẹni tó ń gbálẹ̀, fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu fóònù nítorí atẹ́gùn, kí o sì jẹ́ kí ìyá àgbà kan bá ọ gbá a, torí ọwọ́ wọn ò yára bíi tiwa.