Ṣé 911 mi lè di ọkọ̀ ogun?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Fìà ni mo wà níbí ní Òṣogbo, fíìmù ni mò ń ṣe. A ra Mercedes 911 àtijọ́ kan tí ìjọba lù ní gbàǹjo. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, bọ́dì rẹ̀ ló ti jẹrà. A fẹ́ sọ ọ́ di Saladin, ọkọ̀ ogun tí àwọn sójà lò lọ́dún 1967, torí ogun Ọ̀rẹ̀ la fẹ́ fi ṣe fíìmù. Wẹ́dà wa ní irin mìlímítà 10 ni ká fi bò ó kó lè jọ gidi. Ṣé ọkọ̀ náà á gbé e? Ṣé a sì lè wà á dé Iléṣà, níbi tí a ti máa ya fíìmù náà?

Ìdáhùn: Àbúrò, ẹ má gbọ́ ti wẹ́dà yín o. Irin mìlímítà 10 á pa ọkọ̀ yẹn kó tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ṣíìtì irin kan, fíìtì 4 sí 8, tó bá nípọn tó mìlímítà 10, kílò 233 ni. Èyí tó jẹ́ mìlímítà 1.5, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní gééjì 16, kò ju kílò 35 lọ. Bọ́dì tó gùn tó mítà 5, tó fẹ̀ tó mítà 2.5, pẹ̀lú ilé ìbọn lórí rẹ̀, á jẹ tó ṣíìtì 17. Ti wẹ́dà yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 4. Tèmi ò ní ju kílò 600 lọ, ká tó ka egungun tó máa gbé e dúró. Tọ́ọ̀nù 9 ni wọ́n ṣe 911 fún, ọkọ̀ àtẹrù lápapọ̀, pẹ̀lú agbára ẹṣin 110. Saladin gidi sì ju tọ́ọ̀nù 11 lọ. Bíréèkì tó ti gbó, sípíríìnì tó ti sùn, táyà tí oòrùn ti là: ta ló máa dá a dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Iléṣà?

Kámẹ́rà kì í rí bí irin ṣe nípọn tó, etí irin ló ń rí. Ẹnu ilẹ̀kùn orí, ihò tí dírẹ́bà ń gbà wo ọ̀nà, ibi tí irin méjì ti pàdé, ibẹ̀ lojú ń lọ. Torí náà, gééjì 16 ni kẹ́ ẹ fi bo gbogbo ara, kẹ́ ẹ wá ra ọ̀pá irin onígun mẹ́rin, mìlímítà 12, kẹ́ ẹ jó o yí etí ilẹ̀kùn àti ihò wọ̀nyẹn po láti inú. Ẹ fi fílà (filler tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò) dí àlàfo tó bá kù, ẹ fi sánpépà ha á kó tẹ́jú, ẹ kùn ún. Bí sójà bá ṣí ilẹ̀kùn orí lójú kámẹ́rà, etí rẹ̀ á nípọn bí ìka ọwọ́, bẹ́ẹ̀ òfìfo ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi gíráíńdà nu ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ ní àwọn igun ìta dán. Ọkọ̀ ogun kì í ṣe Camry. Ojú ìjórin tó sanra, tó rí gánnagànna, ló ń mú un jọ ti ológun.

Gééjì 16 ò fẹ́ iná púpọ̀ o. Bí wẹ́dà bá ti igun kan bẹ̀rẹ̀ tó ń jó o lọ gbọọrọ, ṣíìtì á wú, á sì máa dún gbàù-gbàù bí ọkọ̀ bá ń rìn. Kó kọ́kọ́ táàkì rẹ̀ káàkiri, níhìn-ín díẹ̀, lọ́hùn-ún díẹ̀, kó jẹ́ kó tutù kó tó padà síbẹ̀. Kí páìpù onígun mẹ́rin wà lẹ́yìn ṣíìtì ní gbogbo ìdajì mítà. Ọ̀dà tó ń dán á tú àṣírí gbogbo ibi tó wú, torí náà ẹ lo èyí tí kì í dán.

Ohun tí mi ò ní gbà fún ẹnikẹ́ni ni kó jó irin mọ́ ṣáàsì, egungun ìsàlẹ̀ tó gbé ọkọ̀ dúró. Ṣáàsì akẹ́rù máa ń lọ́ díẹ̀ bí táyà kan bá bọ́ sí kòtò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Ibi tí iná bá ti kàn án ló ti máa ń là lọ́jọ́ iwájú. Ẹ ṣe férémù mìíràn lé e lórí, ẹ fi pákó líle sáàárín méjèèjì, kẹ́ ẹ wá fi bóòtù onírìísí U dì í mú. Kí wọ́n tó tan iná rárá, ẹ tú orí bátìrì àti wáyà alternator tó ń fi iná sí bátìrì, ẹ sì gbé táǹkì epo kúrò pátápátá. Ẹ má sọ pé ó ti ṣófo. Táǹkì tó ṣófo, tí èéfín epo kù sínú rẹ̀, léwu ju èyí tó kún lọ.

Ẹsẹ̀ 6 ni Saladin ní, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan 3. Ẹ gbé táyà àárín kọ́ sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ̀yìn sì ni ẹ́ńjìnnì Saladin wà, iwájú ni tiyín wà. Ojú ráídétọ̀ gbọ́dọ̀ máa mí: ẹ fi irin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó dagun bò ó, kí atẹ́gùn ríbi wọlé. Ní tilé ìbọn, họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, pẹ̀lú bíárìn rẹ̀, ni kẹ́ ẹ gbé e lé. Ọmọ kan ṣoṣo á máa fọwọ́ yí i. Bí ẹ bá rí àgbà kan tó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Machine Tools ìlú wa rí, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín tọ́ ọ, wọ́n mọ iṣẹ́ yẹn dénú egungun. Mìlímítà 76 ni ihò ìbọn Saladin, íńṣì 3 gééré. Páìpù PVC oníńṣì 3 tó wọ inú oníńṣì 4 ti tó. Ẹ má fi irin ṣe é, ẹrù tó bá wúwo lókè ló ń dojú ọkọ̀ dé ní kọ́nà.

Ẹ tún bi ara yín bóyá Saladin gan-an lẹ nílò. Ní August 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra ló gba Benin kọjá, tí wọ́n dé Ọ̀rẹ̀, tí àwọn èèyàn wa fi ń pa á lówe títí dòní pé ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀. Àwọn Biafra náà fi irin bo ọkọ̀ fúnra wọn nígbà ogun yẹn, wọ́n pè é ní Red Devil. Ọ̀kan ṣì wà ní National War Museum ní Umuahia. Ọkọ̀ àtọwọ́dá ni tẹ̀mí-tara, irin pẹlẹbẹ àti bóòtù. Bí ìtàn yín bá gbà á, òun ló rọrùn jù láti fi 911 ṣe, kò sì sẹ́ni tó máa ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi, òun ni mo máa ṣe.

Ẹ fi ọ̀nà àbájáde méjì sílẹ̀, èyí tó ṣeé ṣí láti inú àti láti ìta, láìsí àgádágodo kankan. Inú irin yẹn á gbóná gan-an lọ́sàn-án. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí apaná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, kí ẹnì kan sì máa rìn níwájú láti júwe ọ̀nà fún un, torí kò ní rí ju ibi tí ihò yẹn dé lọ.

Wíwà á dé Iléṣà? Rárá o. Ẹ gbé e sórí lóbẹ́ẹ̀dì, ẹ yọ ìbọn páìpù yẹn, ẹ fi tapólì bo ìyókù. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó irin gan-an ni kẹ́ ẹ ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì kọmíṣánnà ọlọ́pàá níbí àti sí bárékè sójà ní Ẹdẹ, pẹ̀lú àwòrán ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò ó. Ẹ tẹ ẹ̀dà ìwé àṣẹ náà púpọ̀: ọ̀kan fún dírẹ́bà lóbẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan fún wẹ́dà, ọ̀kan fún baálẹ̀ ibi tẹ́ ẹ ti máa yà á, torí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè lórí fóònù bí wọ́n bá rí ọkọ̀ ogun nínú igbó.