Orúkọ Ìnagijẹ Nìkan Kò Fi Ẹni Pamọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí èmi àti ọkọ mi ti ń wá ọmọ, dókítà sì ti ní kí a gbìyànjú IVF, ìyẹn kí wọ́n gba ẹyin mi, kí wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkọ mi nílé ìwòsàn. Mo rí ẹgbẹ́ kan lórí Facebook àti gúrúùpù WhatsApp kan tí àwọn obìnrin tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá ti ń gba ara wọn níyànjú. Ó wù mí kí n máa bá wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹbí ọkọ mi tàbí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gbọ́ sí i. Mo ti ṣí àkáǹtì tuntun, mo fi orúkọ tí kì í ṣe tèmi sí i, mo sì lo àwòrán òdòdó dípò fọ́tò mi. Ṣé ìyẹn ti tó, àbí kí n ra VPN, áàpù tí wọ́n ní ó ń fi ẹni pamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń polówó kiri?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Láìpẹ́, a ó gbóhùn ìyá, a ó sì gbóhùn ọmọ. Lórí Facebook, ohun tí ẹ ṣe yẹn ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀. Lórí WhatsApp, kò ràn yín lọ́wọ́ rárá, bí ó bá jẹ́ pé nọ́ńbà tí gbogbo ènìyàn fi mọ̀ yín ni ẹ fẹ́ fi wọlé. Ní ti VPN, ẹ má wulẹ̀ náwó sí i. N ó sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Nínú iṣẹ́ ààbò dátà tí mo ń ṣe, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó bá fẹ́ fi ara pamọ́ ni pé ta ni ó ń sá fún. Ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá, ẹni tí kò fẹ́ kí ilé iṣẹ́ Facebook mọ òun, àti ẹni tí kò fẹ́ kí ìyá ọkọ òun mọ ohun tí òun ń là kọjá kò lè dá ọgbọ́n kan náà, nítorí pé ohun tí olúkúlùkù àwọn wọ̀nyí lè rí yàtọ̀ síra. Ọlọ́pàá lè gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé ẹjọ́. Facebook mọ nọ́ńbà tàbí íméèlì tí ẹ fi ṣí àkáǹtì. Ẹbí ọkọ kò ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìtàn ayé yín, wọ́n dá ohùn yín mọ̀, nọ́ńbà yín sì wà lórí fóònù wọn. Ikú ilé ni tiyín, kì í ṣe tòde, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí a kọjú sí.

Nínú gúrúùpù WhatsApp tó wọ́pọ̀, gbogbo ọmọ gúrúùpù ló lè rí nọ́ńbà ara wọn. Bí àbúrò ọkọ yín bá wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, tí ó sì ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ ní "Ìyàwó Bọ̀dá Kúnlé", kì í ṣe orúkọ ìnagijẹ yín ni yóò rí nígbà tí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀. "Ìyàwó Bọ̀dá Kúnlé" ni yóò hàn gàdàgbà lókè ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí kò mọ̀ yín rí náà lè tọpasẹ̀ yín. Ó lè fi nọ́ńbà náà sínú Truecaller, kí ó sì rí orúkọ tí àwọn ẹlòmíràn ń pe ẹni tó ni ín, bóyá "Tíṣà Máàtì". Èyí tí ọ̀pọ̀ kò fọkàn sí tún wà: OPay àti PalmPay máa ń fi nọ́ńbà fóònù oníbàárà ṣe nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀, òdo iwájú nìkan ni wọ́n ń yọ kúrò. Bí ẹ bá ní àkáǹtì níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ṣe bí ẹni fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yín yóò rí orúkọ tí ẹ fi ṣí i kí ó tó san kọ́bọ̀ kan, yóò sì fagi lé owó náà, yóò máa bá tirẹ̀ lọ.

Nítorí náà, síìmù mìíràn ni ẹ nílò. Ẹ kò lè rà á láìfi NIN yín forúkọ sílẹ̀, ìyẹn kò sì burú, nítorí pé ìjọba kọ́ ni ẹ ń sá fún. Ẹ má fi nọ́ńbà náà pe ẹnikẹ́ni nínú ẹbí, ẹ má fi ṣí àkáǹtì owó kankan, kí ọkọ yín pàápàá má sì fi pamọ́ pẹ̀lú orúkọ yín. Láti ọdún 2023 ni WhatsApp ti ń gba àkáǹtì méjì láyè lórí fóònù Android kan ṣoṣo, nítorí náà kò di dandan kí ẹ ra fóònù mìíràn. Ẹ fi PIN sí àkáǹtì tuntun náà, ìyẹn ìdánilójú onígbèésẹ̀ méjì tí ẹ ó rí nínú ètò àkáǹtì, kí ẹ sì máa fi síìmù náà pe ìpè tàbí ra dátà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Síìmù tí a kò lò fún oṣù mẹ́fà, ilé iṣẹ́ fóònù lè ti í pa, nígbà tó bá sì yá, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Láìsí PIN yìí, ẹni tó rà á lè fi wọlé sórí àkáǹtì yín. (Ìdí kan náà nìyẹn tí ẹ fi lè rí i pé síìmù tuntun yín ń jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn tó ti lo nọ́ńbà náà rí lórí Truecaller. Ẹ má dààmú, ó kúkú wúlò fún yín.)

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ohùn ránṣẹ́ sínú gúrúùpù náà. Mo mọ̀ pé ó rọrùn ju títẹ ọ̀rọ̀ lọ, pàápàá nígbà tí ọkàn bá wúwo, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn yín níbi ìsìnkú tàbí ìkómọ lẹ́ẹ̀kan kò nílò nọ́ńbà mọ́. Kí ẹ sì pa ìfihàn ọ̀rọ̀ lójú fóònù tó wà ní títì, kí ẹni tó jókòó tì yín nínú yàrá àwọn olùkọ́ má baà ka ohun tó ń wọlé.

Facebook yàtọ̀ díẹ̀. Ìlànà wọn ni pé orúkọ tí wọ́n ń pe ènìyàn lójoojúmọ́ ni kí ó lò, wọ́n sì lè ti àkáǹtì tí wọ́n bá fura sí. Bí ó bá sì jẹ́ nọ́ńbà àtijọ́ yín ni ẹ fi ṣí ti tuntun yìí, tàbí tí ẹ gbà kí ó wo àwọn nọ́ńbà tó wà lórí fóònù yín, Facebook lè bẹ̀rẹ̀ sí í dábàá yín fún àwọn ènìyàn yín gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n lè mọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń gba ọmọ ẹgbẹ́ láyè láti kọ ọ̀rọ̀ láìfi orúkọ hàn. Ní tèmi, èyí sàn ju àkáǹtì ayédèrú lọ, bí ẹ bá ti mọ ibi tó mọ: àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ lè rí ẹni tó kọ ọ́, Facebook náà mọ̀ ọ́n, orúkọ yín sì wà láàárín orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn alábòójútó náà dáadáa.

Wàyí o, ká ní ẹ ṣe gbogbo èyí láìkù síbì kan, ọ̀rọ̀ ẹnu yín ṣì lè tú yín fó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, ilé iṣẹ́ AOL ní Amẹ́ríkà kó ohun tí àwọn ènìyàn bí 650,000 wá lórí ẹ̀rọ ìwákiri rẹ̀ síta fún àwọn onímọ̀ láti ṣe ìwádìí. Wọ́n yọ orúkọ gbogbo wọn, wọ́n fi nọ́ńbà rọ́pò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn oníròyìn New York Times ti kan ilẹ̀kùn ìyá àgbàlagbà kan ní ìpínlẹ̀ Georgia, nítorí pé láàárín àwọn ohun tó ń wá ni ìlú rẹ̀ àti orúkọ ìdílé rẹ̀ wà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ni lágbájá. Onímọ̀ kan, Latanya Sweeney, sì ti fi hàn ní ọdún 2000 pé ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo, àti kóòdù ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò nìkan tó láti ya bí 87 sọ́tọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Amẹ́ríkà.

Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí obìnrin lè kọ láìfura: "Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní Iléṣà, ọmọ ọdún 38. A ṣe ìgbéyàwó ní December 2016, wọ́n yọ fibroid fún mi ní Ìbàdàn ní 2021, Móńdè tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gba ẹyin mi." Olùkọ́ ìṣirò pọ̀ ní Iléṣà, àwọn tó gbéyàwó ní December 2016 kò lóǹkà, àwọn tí wọ́n yọ fibroid fún kò kéré, ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo rẹ̀ bá mu kò ju ẹyọ kan lọ, ẹni tó bá sì rí i pé ẹ kò wá síbi iṣẹ́ ní Móńdè yẹn yóò parí ìṣirò náà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ báyìí ńkọ́: "Mo ti lé ní ọdún 35, wọ́n sì ti yọ fibroid fún mi rí. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ṣe, báwo ni ara yín ti rí lẹ́yìn tí wọ́n gba ẹyin?" Kò sí ìmọ̀ràn tí ẹ ó pàdánù. Ọjọ́ orí àti àìsàn ni ìdáhùn dúró lé, kì í ṣe Iléṣà. Ohun tó bá sì ní ọjọ́ nínú, ẹ kọ ọ́ lẹ́yìn tí ọjọ́ náà bá ti kọjá dáadáa.

Ìwé àyẹ̀wò àti àwòrán scan ni ó burú jù nínú fọ́tò, torí pé orúkọ yín, orúkọ ilé ìwòsàn àti ọjọ́ sábà máa ń wà lókè rẹ̀. Ẹ má fi àwọ̀ tó mọ́ gaara bò ó, nítorí pé ẹlòmíràn lè mú un tàn padà. Ẹ gé ibẹ̀ kúrò pátápátá, tàbí kí ẹ tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán. Fọ́tò tí fóònù yà tún lè gbé ibi tí wọ́n ti yà á pamọ́ sínú: ní ọdún 2012, fọ́tò kan tí ìwé ìròyìn Vice gbé jáde ló tú àṣírí John McAfee, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ antivirus McAfee sílẹ̀, tó ń sá fún ọlọ́pàá nígbà náà, pé ó wà ní Guatemala. WhatsApp máa ń yọ èyí kúrò nínú fọ́tò lásán, ṣùgbọ́n kì í yọ ọ́ bí ẹ bá fi fọ́tò náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì.

VPN ńkọ́? Àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì yín ni ó ń fi pamọ́ fún sáìtì tí ẹ wọ̀, ẹbí ọkọ yín kò sì lè rí àdírẹ́sì yẹn tẹ́lẹ̀. Bákan náà, ìpamọ́ tí WhatsApp fi ń yangàn (end-to-end encryption), tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, ń dí ẹni tó wà lójú ọ̀nà lọ́wọ́ ni. Kò dí ọmọ gúrúùpù tó ń ya screenshot lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ń pa ara rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ kò dí i.

Òfin wà, ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ara lé e. Abala 37 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sì de ilé ìwòsàn pé kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ aláìsàn mọ́. Bí ilé ìwòsàn tàbí ilé iṣẹ́ kan bá jẹ́ kí dátà ìlera yín jáde, ẹ lè gbé ẹjọ́ wọn lọ sí NDPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò dátà, tí Òfin Ààbò Dátà tí Ààrẹ Tinubu bu ọwọ́ lù ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 dá sílẹ̀. Òfin kan náà yìí kì í sábà kan ohun tí ènìyàn ń ṣe nínú ilé ara rẹ̀. Ìyẹn ni pé ìyàwó àbúrò ọkọ tó fi screenshot ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ yóò ṣòro fún yín láti bá fa ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ti fi nọ́ńbà yín wọ gúrúùpù WhatsApp náà kí ẹ tó ka èyí, ẹ jáde. Àwọn alábòójútó nìkan ni WhatsApp yóò sọ fún, ṣùgbọ́n fún ọjọ́ 60, àwọn ọmọ gúrúùpù ṣì lè rí nọ́ńbà yín láàárín àwọn tó ti kúrò. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá kí ẹ tó fi síìmù tuntun padà wọlé, bí ẹ bá sì padà, ẹ má ṣe tún ìtàn tí ẹ ti sọ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sọ.