Kò Sẹ́ni Tó Ń Bẹ̀rù Pé Wáyà Lífítì Á Já

ÌBÉÈRÈ: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́. Èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì lọ ṣeré síkì, ìyẹn eré fífi pátákó yọ̀ wálẹ̀ lórí òkè oníyìnyín, fún ọjọ́ mẹ́fà. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ti lífítì tó ń lọ sókè pátápátá pa, ìyẹn àwọn àga tó rọ̀ mọ́ wáyà tó ń gbé èèyàn gun òkè, wọ́n ní ẹ̀fúùfù ni. Oòrùn ń ràn, ewé kan ò mì níbi tí a dúró sí nísàlẹ̀, fóònù mi sì ń sọ pé kìlómítà 25 ní wákàtí kan péré ni ẹ̀fúùfù ń sá. Mo wo wáyà yẹn dáadáa, ó nípọn tó ọrùn ọwọ́ ọmọ mi. Ẹ̀fúùfù wo ló fẹ́ já irú ìyẹn? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí wọ́n kàn kó èèyàn kún àwọn àga náà kó lè wúwo, kò ní mì mọ́. Èyí tó wá bí mi nínú jù ni pé a ń wo lífítì náà tó ń yí lófìfo, òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo jókòó sórí rẹ̀, ó ń gòkè lọ. Ṣé kì í ṣe owó iná ni wọ́n ń fi pamọ́? Báwo la ṣe lè gba owó wa padà?

ÌDÁHÙN: Lọ́dọọdún tí àsìkò síkì bá ti wọlé ni irú lẹ́tà yìí máa ń dé, ọ̀rọ̀ kan sì wà tí kì í sọnù nínú wọn: ẹ̀fúùfù wo ló fẹ́ já wáyà yìí? Ẹ jẹ́ kí n dáhùn kíá. Kò sí. Wáyà tó ń fa àga lífítì sábà máa ń tó mílímítà 40 sí 50 ní ìbú, okùn irin púpọ̀ ni wọ́n lọ́ pọ̀ tí wọ́n fi ṣe é, agbára rẹ̀ sì ju ẹrù tí wọ́n ń gbé kọ́ ọ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ọdún 19 ni mo ti fi ń tọ́jú lífítì, mi ò tíì gbọ́ kí máníjà kan jí láàárọ̀ kó ní, “Ẹ ti í pa o, wáyà fẹ́ já.” Ohun tí ẹ ń bá wọn jiyàn lé lórí kò sí lọ́kàn wọn rárá.

Ohun tí à ń bẹ̀rù ni kí wáyà yọ.

Nígbà míì tí ẹ bá ń kọjá lábẹ́ òpó lífítì, ẹ gbójú sókè. Ẹ ó rí àwọn wíìlì kéékèèké tí wọ́n tò tẹ̀léra wọn, tí wọ́n fi rọ́bà sí láàárín. Orí rọ́bà yẹn ni wáyà ń gbà kọjá. Kò sí ohun tó dè é mọ́bẹ̀. Ìwúwo òun fúnra rẹ̀ àti ti àwọn àga tó rọ̀ mọ́ ọn ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ní àwọn òpó mìíràn, pàápàá níbi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga lójijì, wíìlì ló wà lókè tó ń tẹ wáyà sísàlẹ̀, nítorí láìsí i, wáyà á nà tàn-ìn, á sì gbéra kúrò níbẹ̀.

Ẹ ó ní, kí ló dé tí ẹ ò fi gbẹ́ ojú wíìlì náà jìn? Tàbí kí ẹ fi irin bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá kó má lè jáde? Nítorí àga ni. Àga kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀mú irin tó fi gbá wáyà mú, ẹ̀mú yẹn sì gbọ́dọ̀ bá wáyà kọjá lórí gbogbo wíìlì tó wà ní gbogbo òpó, ní eré bíi mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí àwọn lífítì òde òní. Tí a bá bo ojú wíìlì, ẹ̀mú ò níbi tó máa gbà. Àyè tí a fi sílẹ̀ fún ẹ̀mú láti kọjá, àyè kan náà ni wáyà lè bá jáde. Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sorọ̀ sí nìyẹn, òun ló sì fà á tí nínípọn wáyà kò fi ran ẹjọ́ yín lọ́wọ́.

Wàyí o, ẹ mú ẹ̀fúùfù wọ inú rẹ̀. Tó bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, ohun méjì ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń fi àga jì, tó fi jẹ́ pé nígbà tí àga bá dé òpó, ẹ̀mú rẹ̀ ti dagun, kò wọ orí wíìlì tààrà mọ́. Tí jíjì náà bá pọ̀ jù, àga fúnra rẹ̀ lè lọ gbá òpó. Ó tún ń ti wáyà fúnra rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láàárín òpó kan sí èkejì, wáyà gùn, ó rọ̀, ẹ̀fúùfù sì lè gbé e lọ sápá kan, kó wá máa gun etí wíìlì dípò kó jókòó sí àárín rọ́bà. Èyí tó ń fẹ́ ṣinṣin kò burú tó èyí tó ń fẹ́ tó ń dáwọ́ dúró, nítorí ẹ̀fúùfù òjijì ló ń mú kí àga máa jì bí ọmọdé tí wọ́n ń tì lórí jangirọ́fà: títì kọ̀ọ̀kan ń fi kún ti ìṣáájú. Èyí tó bá ń bá ojú ọ̀nà wáyà lọ, a máa ń fara dà á ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ. Torí náà, tí ẹ bá rí lífítì kan tó ń ṣiṣẹ́, tí èyí tó wà nítòsí rẹ̀ sì wà ní títì, ẹ kọ́kọ́ wo apá ibi tí kálukú wọn kọjú sí kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́.

Tí wáyà bá yọ ńkọ́? Apá irin kan wà létí wíìlì tí a ṣe láti gbà á kó má balẹ̀, swíìṣì sì wà tó máa dá lífítì dúró lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ló sì máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó síwájú díẹ̀. Lífítì ti dúró, kò sì lè tún gbéra títí tí àwọn òṣìṣẹ́ á fi gun òpó lọ gbé wáyà padà sáyè rẹ̀. Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, àwọn adóòlà á máa fi okùn sọ èèyàn kalẹ̀ láti orí àga kan sí òmíràn, fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nínú ẹ̀fúùfù kan náà tó yọ wáyà, nínú òtútù, pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Ibi tó dára jù tí ọ̀rọ̀ lè yọrí sí mà lèyí o.

Èyí tí kò dára ṣẹlẹ̀ ní Sugarloaf, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 28 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2010. Wáyà yọ kúrò lórí òpó kan lọ́jọ́ tí ẹ̀fúùfù ń jà, àga mélòó kan balẹ̀ sórí yìnyín, èèyàn 8 sì farapa. Wáyà náà kò já. Wọn ò sì di ẹ̀bi náà ru ẹ̀fúùfù nìkan, nítorí wíìlì tó wà lórí òpó ọ̀hún kò tò bó ṣe yẹ. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ: ìtọ́jú tó mẹ́hẹ lè fara pamọ́ fún ọdún púpọ̀ lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá tutù pẹ̀sẹ̀.

Ọ̀rẹ́ yín tó ní kí wọ́n kó èèyàn kún un rí ìdajì òótọ́. Àga tó ṣófo máa ń jì ju èyí tó rù lọ lóòótọ́, wáyà tí kò rù sì máa ń fúyẹ́ lórí wíìlì. Ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni èèyàn ń jókòó sí, èyí tó ń gòkè. Apá kejì tó ń padà bọ̀ wálẹ̀ ṣófo ni, wáyà kan náà ló sì yí po. Ẹ lè kó gbogbo ìlú sórí apá tó ń gòkè, apá tó ṣófo ló máa yọ, á sì dá ẹ̀yin tí ẹ wà lókè dúró. Kí ẹ bá mi sọ fún un pé kó má dá ìmọ̀ràn yìí fún ẹlòmíràn mọ́.

Ní ti oòrùn àti ewé tí kò mì: ìsàlẹ̀ lẹ dúró sí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹsẹ̀ òkè kì í sọ ohun tó ń lọ lórí òkè. Atẹ́gùn tútù máa ń kójọ sínú àfonífojì, á dákẹ́ síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀fúùfù ń gba orí rẹ̀ kọjá. Bó bá sì dé góńgó òkè tàbí àlàfo láàárín òkè méjì, á sáré sí i. Lórí àwọn òkè Alps ní Yúróòpù, ẹ̀fúùfù kan wà tí wọ́n ń pè ní Föhn, tó máa ń mú ooru àti oòrùn dání. Ọjọ́ rẹ̀ máa ń lẹ́wà lójú, lífítì òkè á sì wà ní títì pa. Ní Scotland, lórí òkè Cairn Gorm, wọ́n wọn ẹ̀fúùfù òjijì tó tó kìlómítà 278 ní wákàtí kan ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1986. Ẹ̀fúùfù tó ń ti lífítì alága pa níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà wà lára ìdí tí wọ́n fi fi ọkọ̀ ojú irin tí wáyà ń fà rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 2001.

Kìlómítà 25 tí fóònù yín sọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ìlú tó wà nísàlẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ìpíndọ́gba, kì í ṣe ti ẹ̀fúùfù òjijì. Ẹ má sì ní kí n sọ iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ti lífítì. Ẹni tó kọ́ lífítì ló ń kọ ọ́ sínú ìwé ìlò rẹ̀, ó sì yàtọ̀ láti orí ọ̀kan sí èkejì. Ohun tí mo lè sọ ni pé agbára ẹ̀fúùfù kì í bá eré rẹ̀ lọ ní dọ́gba-dọ́gba. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti 50 sí 70, tó dà bíi nǹkan kékeré lójú fóònù, títì tó ń ti àga ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Owó iná? Rárá. Òṣìṣẹ́ ń gba owó ọjọ́ rẹ̀ bí lífítì yí bí kò yí, ilé oúnjẹ tó wà lókè ò sì rí oníbàárà. Níbi Olympics ọdún 2018 ní Pyeongchang, ní Gúúsù Kòríà, eré síkì sísọ̀kalẹ̀ ti àwọn ọkùnrin tó yẹ kó wáyé ní ọjọ́ 11 oṣù Èrèlé sún di ọjọ́ 15 nítorí ẹ̀fúùfù, tẹlifíṣọ̀n gbogbo àgbáyé sì dúró dè é.

Wọ́n tún máa ń bi mí ìdí tí a fi ń tì í kí ẹ̀fúùfù gan-an tó dé. Ẹ ṣírò ó. Lífítì tó gùn ní kìlómítà 2 máa ń gbé yín dókè ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méje tó bá ń sáré dáadáa. Nínú ẹ̀fúùfù a máa ń dín eré rẹ̀ kù, ó lè di mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá. Ẹni tó bá jókòó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ ti sọ̀ kí nǹkan tó bàjẹ́.

Àwọn lífítì kan wà tó ń fara da ẹ̀fúùfù ju èyí lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní Funitel, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Val Thorens ní Faransé lọ́dún 1990, wáyà méjì tó jìnnà síra wọn ló gbé yàrá rẹ̀ dání, nítorí náà kì í jì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti oníwáyà kan. Owó rẹ̀ pọ̀ gidigidi, ibi díẹ̀ ni ẹ ó ti rí i, òun náà sì ní ọjọ́ tó máa ń dúró.

Kí lẹ máa ṣe nígbà míì? Ẹ wo àsọtẹ́lẹ̀ ẹ̀fúùfù òjijì ti orí òkè, kì í ṣe ti ìlú, kí ẹ sì wo apá ibi tó ti ń fẹ́ wá. Lọ́jọ́ tó bá le, ẹ lọ sí àwọn ojú ọ̀nà tó wà láàárín igi nísàlẹ̀, tàbí èyí tó ní lífítì tó ń fa èèyàn lórí yìnyín láìgbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ìyẹn máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí àga ti dúró. Ẹ má ṣe sọdá lọ sí àfonífojì kejì lọ́sàn-án irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí lífítì tó máa mú yín padà ló sábà ń kọ́kọ́ tì, ọkọ̀ ni ẹ ó wá wọ̀ yí gbogbo òkè po. Tí àga bá dúró pẹ̀lú yín lókè, ẹ fi ọ̀pá ààbò sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ má mì í, ẹ má sì bẹ́ sílẹ̀ láéláé. Kí ẹ sì fi ọmọ iṣẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà lífítì sílẹ̀ jẹ́ẹ́, òun kọ́ ló ti í.

Nípa owó, èmi kì í ṣe lọ́yà, mi ò sì mọ lífítì tí ẹ lọ. Mi ò lè sọ pé ẹni tó ti í pa ṣe dáadáa tàbí kò ṣe dáadáa. Ẹ ka àdéhùn tó wà lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì yín. Ọ̀pọ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí lífítì mìíràn bá ṣì ń ṣiṣẹ́, kò sí owó tí wọ́n máa dá padà. Tí ẹ bá ní adójútòfò fún ìrìn àjò, ẹ wò ó bóyá ó bo títì ojú ọ̀nà síkì, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ lífítì nígbà tí ẹ ṣì wà níbẹ̀, tó sọ ọjọ́ àti ohun tí wọ́n tì. Tí ẹ bá padà sílé kí ẹ tó béèrè, á nira.

Òṣìṣẹ́ tí ẹ rí tó dá jókòó lórí àga? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ń yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí omi dídì má bàa lẹ̀ mọ́ wáyà àti wíìlì, tàbí kí wọ́n lè kó àwọn àga wọ gáréèjì. Òun ní tirẹ̀ ń lọ fi ọ̀pá gbá omi dídì kúrò lórí òpó. Mo ti jókòó sórí àga yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, mo máa ń gbójú wolẹ̀ wo àwọn èèyàn tó ń juwọ́ sí mi tìbínú-tìbínú, ọwọ́ mi kì í sì í ráyè juwọ́ padà, nítorí méjèèjì ni mo fi máa ń di àga mú.